Irin Ọwọ́ Wo Ló Yẹ Gìtá Orí Itan Olókùn Mẹ́fà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, mo sì wà nínú àwọn tó ń lu gìtá ní ìjọ wa. Ní ọdún tó kọjá, àbúrò ìyá mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi lap steel olókùn mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn gìtá tí a ń gbé lé itan, tí a ń fi irin wọ́ lórí okùn rẹ̀. Irin tó bá a wá fúyẹ́, inú rẹ̀ ṣófo, ohùn tó ń mú jáde máa ń kùn bí eṣinṣin tó há sínú agolo, kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Ẹnì kan tó ń lu gìtá nínú ẹgbẹ́ jùjú ní kí n wá irin tó wúwo jù lọ, irú èyí tí àwọn tó ń lu steel fún àwọn àgbà olórin jùjú ń lò. Ẹlòmíràn ní ti gíláàsì ló dùn jù. Èwo ni kí n rà? Bí n kò bá sì rí i rà, ṣé mo lè ní kí oníṣẹ́ irin bá mi ṣe é níbí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. N kò ní fi èsì yín pamọ́ sí ìsàlẹ̀. Irin róbótó tí kò ṣófo ni kí ẹ wá, kí ó jẹ́ stainless (irin tí kì í dógùn-ún), kí ó sanra tó mìlímítà 22, kí ó gùn tó mìlímítà 75, kí orí rẹ̀ kan rí rogodo bí orí ọta ìbọn, kí ìdí rẹ̀ sì ní kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ tí àtàǹpàkò lè sinmi sí. Irú irin bẹ́ẹ̀ yóò wọ̀n tó nǹkan bí gíráàmù 210. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá rí i, oníṣẹ́ irin tó mọṣẹ́ lè ṣe é fún yín, kò sì sí àbùkù kankan níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí, àlàyé ìdí rẹ̀ ni, nítorí pé àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wo gìtá tó wà lórí itan yín kó tó sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò nílẹ̀. Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tone bar ni mo ń pè ní irin ọwọ́, kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ irin oníhò tí àwọn onígìtá mìíràn máa ń ki bọ ìka. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin tí mo ti wọ̀ ní Àbújá, èyí tí à ń ki bọ ìka yẹn ni wọ́n máa gbé síwájú yín, wọn á sì fi dá yín lójú pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ìka bá ti lè wọ inú rẹ̀, gìtá tí a gbé kọ́ àyà ni wọ́n ṣe é fún, ó sì ṣeé ṣe kí èyí tó bá gìtá yín wá jẹ́ irú rẹ̀ gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ló ṣe pàtàkì jù. Nígbà tí ẹ bá ta okùn lap steel, ibi méjì péré ni okùn náà fi ẹ̀yìn tì: bridge (afárá kékeré tí okùn gùn lé) tó wà ní apá ọ̀tún yín, àti irin tó wà ní ọwọ́ òsì yín. Bridge ti kàn mọ́ pákó, kì í yẹsẹ̀. Irin ọwọ́ kò ní ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ju ìwúwo ara rẹ̀ àti ìka yín lọ. Bí ó bá fúyẹ́, okùn tó ń gbọ̀n yóò máa gbọn òun náà, agbára tó yẹ kí okùn fi máa dún yóò máa bá irin lọ sínú ẹran ìka yín, ohùn á sì kú kí ìjọ tó kọrin dé ìdajì ìlà. Bí irin bá wúwo tó, okùn kò ní lè mì ín, àfi bí ẹni pé ògiri ló fi ẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí irin oníhò yín fi ń pa ohùn. Kò sí ohun tó ṣe gìtá náà.

Ìwúwo tún ń ṣe iṣẹ́ kejì tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í kà sí. Ẹni tó ti ń lu gìtá lásán tẹ́lẹ̀, títẹ okùn mọ́ pákó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n okùn lap steel ga sókè kúrò lórí pákó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, a kì í tẹ̀ ẹ́ kan pákó rárá. Bí ẹ bá fi agbára tẹ irin, okùn á rì, yóò le sí i, ohùn rẹ̀ á sì ga ju ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Irin fífúyẹ́ ló sì máa ń mú ènìyàn tẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohun tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ ṣe ni kí ó fún un mọ́lẹ̀. Irin tó wúwo bó ṣe yẹ máa ń jókòó sórí okùn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìka yín kò ju kí ó máa darí rẹ̀ lọ, bí ẹni fa ọmọ lọ́wọ́ kọjá títì.

Síbẹ̀, kí ẹ tó di gbogbo ẹ̀bi ru irin, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan lálẹ́ òní. Ẹ gbé irin yín lé orí ìlà karùn-ún, nínú àwọn ìlà ojú pákó tí Òyìnbó ń pè ní fret, kí ẹ wá jẹ́ kí ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ òsì sùn sórí okùn lẹ́yìn irin, ìyẹn ní apá tó kọjú sí orí gìtá. Kí wọ́n fara kan okùn lásán ni, kí wọ́n má ṣe tẹ̀ ẹ́. Apá okùn tó wà lẹ́yìn irin náà máa ń gbọ̀n, ìró tirẹ̀ kò sì bá èyí tí ẹ ń fẹ́ mu rárá. Bí kíkùn náà bá dín kù ju ìdajì lọ, a jẹ́ pé ọwọ́ yín ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, irin olówó iyebíye kò sì ní wo ìyẹn sàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti wá bá mi pé irin òun kò dára, ìka méjì yìí ni wọ́n gbé sókè bí ẹni tó ń mu tíì níwájú àna.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ wá èyí tó wúwo jù lọ, gìtá mìíràn ló ní lọ́kàn. Ohun tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń lù nínú ẹgbẹ́ African Beats ti King Sunny Adé, nínú àwọn àwo ọdún 1982 àti 1983 tó gbé jùjú dé etí àwọn ará òkè òkun, pedal steel ni. Gìtá yẹn ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ bíi tábìlì, ó ní pẹ́dààlì nísàlẹ̀ àti àwọn irin tí a ń fi orúnkún tì, okùn orí rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́wàá. Ẹsẹ̀ àti orúnkún ló ń yí ohùn okùn padà níbẹ̀, nítorí náà irin ọwọ́ lè dúró gbọọrọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ó kàn máa lọ kí ó sì máa bọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí irú irin bẹ́ẹ̀ sanra tó mìlímítà 25, kí ó gùn tó 85, kí ó sì lé ní gíráàmù 300.

Lap steel yín kò ní pẹ́dààlì. Nígbà tí ohùn méjì tí ẹ nílò kò bá sí lórí ìlà kan náà, irin ni ẹ máa dá ní ìdábùú: ẹ lè ti orí rẹ̀ sí apá ọ̀tún kí okùn tínrín lè gba ìlà tó ga ju ti okùn tó nípọn lọ, tàbí kí ẹ fà á padà sí apá òsì, kí àtàǹpàkò máa ti ìdí rẹ̀ sí ọ̀tún. Ìyípadà yìí máa ń wáyé láàárín ìró kan sí èkejì, ọrùn ọwọ́ ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ wá fi irin gíráàmù 300 ṣe é láti ẹsẹ̀ kìíní orin dé ẹsẹ̀ karùn-ún, kí a tó máa sọ ti ìsìn ọjọ́ Àìkú tí orin ìyìn nìkan lè gba ogójì ìṣẹ́jú. Mo mọ ẹnì kan tó ra irú irin bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ohùn tó ń fà; ohùn náà fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo orin tó ń lu ló fi irin gbọọrọ lu, nítorí kò lè dá a ní ìdábùú mọ́ láìjẹ́ pé ó fi okùn méjì mìíràn dún pẹ̀lú.

Ẹ wá mú rúlà. Ẹ wọn àlàfo láti okùn kìíní dé okùn kẹfà, kì í ṣe níbi orí gìtá nìkan, ẹ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí ìlà kejìdínlógún pẹ̀lú, nítorí pé okùn lè máa jìnnà síra wọn bí wọ́n bá ṣe ń súnmọ́ bridge. Lórí ọ̀pọ̀ olókùn mẹ́fà, àlàfo náà kò jìnnà sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Irin mìlímítà 75 yóò borí rẹ̀, yóò ṣẹ́kù díẹ̀ sí orí àti ìdí, yóò sì tún tó nígbà tí ẹ bá dá a ní ìdábùú, tí fífẹ̀ tó ń bò dín kù. Bí irin bá gùn ju èyí lọ láìnídìí, ìdí rẹ̀ á máa gún àtẹ́lẹwọ́ yín, orí rẹ̀ á sì máa ta yọ kọjá okùn kìíní títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tó parí sí.

Bí irin ṣe sanra sí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ti ń tan etí jẹ. Ká ní okùn gìtá yín gùn tó ínǹṣì 22 àti ààbọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ lap steel ti rí. Láti orí okùn dé ìlà kìíní jẹ́ mìlímítà 32, ṣùgbọ́n láti ìlà kejìlá dé ìkẹtàlá kò ju mìlímítà 16 lọ. Irin tó sanra tó mìlímítà 22 á bo gbogbo àlàfo yẹn, á tún lé. Ibi tó kan okùn gan-an kò ju bín-ń-tín lọ, ní abẹ́ ikùn irin, níbi tí ojú kò lè rí. Bí ẹ bá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀bá irin lẹ máa fi wo ìlà, ẹ óò sì rò pé ẹ ti débẹ̀ nígbà tí ẹ kò tíì débẹ̀. Mìlímítà kan ṣoṣo tí ẹ bá fi ṣì í ní ìlà kejìlá, bí a bá pín àlàfo ìró kan sí èkejì sí ọ̀nà 100, ẹ ti ṣì í tó ọ̀nà mẹ́fà. Mìlímítà méjì á di méjìlá, ẹni tó ń tẹ dùùrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á sì yíjú wo yín. Ohun tí ẹ máa ṣe ni kí ẹ gbé ojú sí òkè irin gangan, kí ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ bọ́ sórí ìlà, kì í ṣe ẹ̀yìn ìlà gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lórí gìtá lásán.

Irin tó sanra tó mìlímítà 19 rọrùn láti fi ríran ju èyí lọ, ó sì dára fún ọwọ́ kékeré àti fún ọ̀dọ́mọdé tó ń kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n bí gígùn wọn bá dọ́gba, kò ní wọ̀n ju bíi gíráàmù 160 lọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í pẹ́ tó ti 22. Bí ọwọ́ yín bá kéré, ẹ mú 19, ẹ kò ṣìṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 22 ló wà láàárín, òun náà ni mo ń lò láti gbogbo ọdún yìí wá.

Ní ti ìrísí, ìran méjì ló wà. Èkíní ni róbótó olórí ọta ìbọn tí mo ti júwe. Èkejì ni èyí tó ní ihò gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ojú irin rélùwéè, tí ìka máa ń há sí; Stevens ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ mọ irú rẹ̀ sí. Èyí tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣeé dì mú ṣinṣin, ó sì ṣeé gbé sókè kúrò lórí okùn kíákíá kí ẹ sì tún fi lù ú padà, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lu gìtá onírin àwo, tí wọ́n ń pè ní dobro, fi fẹ́ràn rẹ̀ fún orin tó ń sáré. Róbótó kò ṣeé gbá mú bẹ́ẹ̀, ó lè yí mọ́ ẹni lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń yọ̀ lórí okùn láìsí ariwo, orí rẹ̀ tó rí rogodo sì ń jẹ́ kí ẹ lè tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi imú rẹ̀ nìkan kan okùn kìíní, kí ó sì kọrin níbẹ̀ bí ènìyàn. Orin ìjọ tí ẹ ń lù, tó ń fà, tó ń rọra gòkè sọ̀kalẹ̀, róbótó ló yẹ ẹ́. Àwọn kan máa sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oníhò ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó bọ́ sí róbótó. N kò fara mọ́ ọn. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ mọ̀, ó máa ń ṣòro fún un láti gbàgbé.

Gíláàsì ńkọ́? Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dùn létí, ṣùgbọ́n ìwúwo gíláàsì kò tó ìdá mẹ́ta ìwúwo irin tó tóbi bákan náà, nítorí náà ìṣòro tí ẹ ní báyìí ni ẹ máa tún lọ fi owó rà. Kí ó tún wá já bọ́ lórí táìlì ṣọ́ọ̀ṣì. Idẹ wúwo ju irin lọ díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gbóná, àmọ́ ó rọ̀, okùn á máa họ ọ́, òórùn rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ yín títí di ìgbà oúnjẹ. Irin tí wọ́n fi kúróòmù bò dára púpọ̀ bí kúróòmù náà bá ṣì pé. Bí ó bá ti bó ní ojú kan ṣoṣo, ẹ má rà á, nítorí etí ibi tó bó yẹn á máa gé okùn tí wọ́n wé. Ní òdodo, etí tó lè dá stainless mọ̀ yàtọ̀ sí kúróòmù nígbà tí ìwúwo wọn bá dọ́gba, tí gìtá náà sì ń gba inú sípíkà ìjọ jáde, n kò tíì bá a pàdé.

Ẹ bi mí bóyá oníṣẹ́ irin lè ṣe é. Bí a ti gbọ́ ìtàn gìtá yìí, ilé iṣẹ́ irin ni ó ti ṣẹ̀ wá. Joseph Kekuku, ọmọ ilé-ìwé kan ní erékùṣù Oahu ní Hawaii, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ àti ìyarun wà lára ohun tó kọ́kọ́ fi gbá okùn, kó tó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe irin ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwé wọn. Irin tèmi àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ níyì. Kaduna ni mo wà nígbà náà, mẹkáníìkì kan sì fún mi ní kíńpìn, irin róbótó tí táyà iwájú fi ń yí, tó yọ lára ọkọ̀. Irin kíńpìn le, wọ́n ti yọ̀ ọ́ dán láti ilé iṣẹ́, kò sì ṣófo, ohùn rẹ̀ fi máa ń pẹ́ dáadáa. Àléébù rẹ̀ kan ni gẹ́ǹgẹ́, ìyẹn kòtò kékeré, tí wọ́n gé sí i lára, níbi tí ìṣó tó ń dè é máa ń gbà kọjá. Mo ní láti máa rántí pé kí gẹ́ǹgẹ́ náà kọjú sókè. Bí irin bá yí mọ́ mi lọ́wọ́ pẹ́rẹ́, okùn kẹta á bọ́ sínú rẹ̀, á dún káú láàárín orin. Ọdún méjì gbáko ni mo fi lu gìtá pẹ̀lú ojú lára gẹ́ǹgẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ẹnì kan tó ń fi ẹ̀rọ lathe yí irin ṣe ọ̀kan fún mi. Mo sọ fún un pé stainless ni mo fẹ́, ó dáhùn pé kò sí wàhálà, ó sì gbé ohun tó ń dán bíi dígí lé mi lọ́wọ́. Irin lásán ni. Nígbà tí òjò dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún ní tótòtó kéékèèké tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, ṣùgbọ́n tí mo ń gbọ́ lórí okùn bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé kí wọ́n gé e, ẹ mú òòfà kan dání, kódà kí ó jẹ́ ti ìdí sípíkà tó ti bàjẹ́. Bí òòfà bá gbá irin mú pinpin, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn stainless kan wà tí òòfà máa ń mú, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọ̀pá róbótó, òòfà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un rárá.

Láti Kubwa, Dei-Dei kò jìnnà sí yín, ẹ lè béèrè ọ̀pá stainless lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Kaduna, àwọn oníṣẹ́ irin Panteka mọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ṣàlàyé fún wọn, yálà ní Yorùbá tàbí ní Háúsá, nítorí pé kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí irin gìtá jẹ́. Ẹ yà á sórí ìwé ní bó ṣe tóbi gan-an: gígùn 75, sísanra 22, orí kan rogodo pátápátá láìsí igun, ìdí kejì pẹlẹbẹ pẹ̀lú kòtò tó fẹ̀ tó mìlímítà 12, tí kò jìn ju ibi tí ẹran àtàǹpàkò lè kún lọ. Kí wọ́n yọ igun etí ìdí náà pẹ̀lú. Ẹ gbé gìtá lọ bí ẹ bá lè gbé e, kí ẹni náà rí ohun tí irin yóò máa ṣe. Mo ti rí i pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ wọn máa ń balẹ̀ sí i.

Dídán ni iṣẹ́ tó kù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń fẹ́ kánjú. Ọ̀bẹ lathe máa ń fi ìlà tínrín tínrín yí irin ká bíi ti bóòtù, wọn ì báà má hàn sí ojú. Kí irin ṣì wà lórí ẹ̀rọ tó ń yí ni kí wọ́n fi sáńpépà olómi nù ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 400, kí wọ́n bọ́ sí 800, sí 1200, kí wọ́n parí rẹ̀ sí 2000, kí ẹ wá fi Brasso àti aṣọ rírọ̀ parí rẹ̀ nílé. Ẹ fi èékánná wọ́ ọ láti ìdí dé orí. Bí èékánná bá ń ta kín-ín-kín-ín, kò tíì tán. Ẹ dá a padà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín.

Yálà ẹ ra irin ni o, tàbí wọ́n ṣe é fún yín, ẹ yọ gíláàsì fèrèsé lúfà kan, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ yí irin lórí rẹ̀ lọ yí i bọ̀. Irin tó gún á yí wẹ́rẹ́ láìsí ìró; èyí tó wọ́ á máa dún kọ̀ kọ̀ kọ̀. Ẹ tún gbé ojú lọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ irin kọjá ní àárín. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gbà kọjá, okùn kẹta àti ìkẹrin yín á máa kùn nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ bá ń dún kedere, ẹ kò sì ní mọ ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e lé ìlà kejìlá lórí gìtá, ẹ ta okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbé irin kúrò, kí ẹ fi ìka kan okùn náà fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀ kí ẹ tún un ta, kí ó dún bí agogo. Ìró méjèèjì yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí gbogbo wọn bá ga lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ń tẹ irin jù tàbí ojú yín ṣì í. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan tàbí méjì péré ni, ẹ wo irin dáadáa.

Ojú ọjọ́ wa níhìn-ín náà ní tirẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, ọwọ́ máa ń gbẹ débi pé irin dídán lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni bí ẹja. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e kí ẹ tó jókòó, ẹ má fi ìpara sí i, nítorí ìpara á lọ sórí okùn. Eruku pupa ìgbà yẹn máa ń jókòó sára okùn bí sáńpépà, nítorí náà ẹ nu okùn kí irin tó kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá lù ú tán. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, òógùn ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹ nu irin gbẹ kí ẹ tó fi pamọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan ni mo máa ń fi tèmi sí, nínú àpótí gìtá, jìnnà sí kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́.